Ó-Ti-Yé-Mi Lórí Òrùlé Àna

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kì í gun òrùlé àna? Mo ti rí ẹnì kan níbẹ̀ yẹn tó ti la ẹnu. Pa á dé. Àwọn kan á ní torí pé òrùlé àwọn àgbà kì í lágbára ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ọ̀wọ̀ àna ló fà á. Ìyẹn náà kọ́. Ọkùnrin kan ló fà á, ní ìlú Ìdí-Ìṣin, láyé ìgbà tó jẹ́ pé koríko ni wọ́n fi ń bo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má sì bá mi parí rẹ̀.

Àdìgún ni orúkọ ọkùnrin náà. Kì í jalè, kì í ṣe ọ̀lẹ, ebè rẹ̀ a máa ga dé orúnkún, bó bá sì ní iṣu mẹ́ta, ọ̀kan nínú rẹ̀ ti àlejò ni. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Etí rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ dé ìdajì ọ̀rọ̀, èyí tó bá kù, òun fúnra rẹ̀ ni í parí rẹ̀. Kò ka èyí sí àléébù o. Lójú tirẹ̀, àánú ló fi ń ṣe àwọn èèyàn. Kí ló dé tí wọn yóò máa fi ẹnu gbé ẹrù tí òun ti gbé dé ilé? Bí o bá ti sọ gbólóhùn kan, Àdìgún á mi orí, á ní, "Ó ti yé mi," á sì ti máa lọ.

Ìyá rẹ̀ rán an níṣẹ́ lọ́dún kan pé kó lọ mú iṣu wá nínú àká. Ó ní èyí tó wà lápá ọ̀tún, ẹ̀bù tí àwọn fẹ́ gbìn ni, kó má fọwọ́ kàn án. Apá ọ̀tún ni Àdìgún gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni tìyátọmọ jókòó, wọ́n jẹ ẹ̀bù ọdún náà mọ́ epo. Ó dùn. Nígbà tí àwọn ará ìlú ń gbin iṣu, Àdìgún ń wo oko rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ó-Ti-Yé-Mi. Oríkì ló pè é, a sì máa dáhùn.

Ọkùnrin yìí fẹ́ràn Àwẹ̀ró tó ń mọ ìkòkò ní ìsàlẹ̀ odò. Àwẹ̀ró náà fẹ́ràn rẹ̀, kì í sì í ṣe pé kò rí àléébù rẹ̀. Ó rí i kedere. Ó ní ọkọ tí kì í gbọ́rọ̀ pọ̀ nígboro, èyí tí kò láhun ló ṣọ̀wọ́n. Ìdílé méjèèjì ti mọ ara wọn, wọ́n ti jẹ obì. Ohun kan ṣoṣo ló kù, kí bàbá Àwẹ̀ró dá ọjọ́ tí Àdìgún yóò mú ìyàwó rẹ̀ lọ. Àdìgún ti kọ́ ilé sílẹ̀, ó ti fi koríko bẹẹrẹ tuntun bò ó, ó ti tẹ́ ẹní. Bó bá wọlé ní ọ̀sán, ó máa ń wo ẹní náà, inú rẹ̀ á bàjẹ́ pé òun nìkan ni òun ń wò ó.

Bàbá Kújọrẹ ni bàbá Àwẹ̀ró. Bàbá yìí kì í parọ́, kì í ṣépè, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í ti gbòǹgbò mú bọ̀. Bó bá fẹ́ sọ fún ọ pé òjò ń bọ̀, ọdún tí eṣú jẹ oko ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé orí òjò, òjò á ti pa ọ́ tán, aṣọ rẹ á sì ti gbẹ. Láàárín ọ̀rọ̀, á dákẹ́, á bu aṣáà sí imú, á dijú, á máa retí kó sín. Bó bá sín tán, á bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láti ibi tó fi í sí. Àlejò tí kò mọ̀ á rò pé ó ti parí. Àmì kan ṣoṣo ló wà, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.

Àwẹ̀ró fẹ́ fi àmì náà han ọkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá Kújọrẹ ránṣẹ́ pe Àdìgún, Àwẹ̀ró sáré bá a lójú ọ̀nà, amọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Ẹ wò ó," ó ní, "tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ bàbá mi, àdó aṣáà wọn ni kí ẹ máa wò. Tí ẹ bá ti rí i pé—"

"Ó ti yé mi," ni Àdìgún wí.

Ohun tó yé e ni pé àna òun fẹ́ràn aṣáà. Ó padà sílé, ó wá àdó kan tó tóbi tó orí ọmọ ọwọ́, ó ní kí wọ́n lọ tábà tó le sínú rẹ̀ pẹ̀lú káún, títí ó fi kún dé ẹnu. Àdó náà kò ní ìdérí. Ó fi ewé dí i, inú rẹ̀ sì dùn pé kò sí ọkọ ìyàwó tó gbọ́n tó òun ní gbogbo agbègbè náà.

Ní Ìdí-Ìṣin, bí ọkọ ìyàwó bá dọ̀bálẹ̀ fún àna, kì í dìde títí àna yóò fi sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Àdìgún gbé àdó sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi àyà lélẹ̀, imú rẹ̀ sì kan erùpẹ̀. Inú Bàbá Kújọrẹ dùn sí ẹ̀bùn náà. Ó yọ ewé ẹnu rẹ̀ dànù, ó gbé àdó sórí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún tí eṣú jẹ oko.

Ó ní lọ́dún náà ni bàbá òun mọ ògiri ilé yìí. Ó dárúkọ àwọn tó po amọ̀. Ó dárúkọ àwọn tó pọn omi. Nílẹ̀ tí Àdìgún wà, ọkàn rẹ̀ ti lọ. Ó kọ́kọ́ lọ sí oko, ó wo ilá. Lẹ́yìn náà, ó ń wá èsì tó dára tí òun yóò fi dá àna òun lóhùn, ó rí i, ó ń tún un ṣe, ó fi òwe kan sí i, ó yọ ọ́. Ó bojú wòkè díẹ̀, ó rí i pé aṣáà ti sọ imú bàbá náà di pupa, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè bóyá irú imú bẹ́ẹ̀ lè sọ ọ̀rọ̀ kan tí òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ padà bá ọ̀rọ̀, Bàbá Kújọrẹ ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní òrùlé yìí ti gbó. Ó ní àfi kí àna wa kó ọ̀wẹ̀ wá ní ọ̀túnla, kí wọ́n tú u palẹ̀." Bàbá dákẹ́. Ó bu aṣáà. Ó dijú.

Ọ̀wẹ̀ ni kí ọkọ ìyàwó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ bá àna ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí Àdìgún mọ̀ nìyẹn. Gbogbo ara rẹ̀ jí. Ó ní, "Ó ti yé mi, Bàbá," ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ àyà rẹ̀ dànù, ó jáde.

Aṣáà tó gbé wá le púpọ̀. Bàbá Kújọrẹ sín lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, omi bo ojú rẹ̀, kò sì lè là á. Bó ṣe dijú náà ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí dé òpin. Ilẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó la ojú tí kò rí ẹnì kankan, ó ní, "Ọmọ yìí yára lẹ́sẹ̀," ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Ohun tó sọ fún ilẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá. Ẹ fara balẹ̀, kò sá lọ.

Ogójì ọkùnrin ni Àdìgún kó jọ. Ìṣọ̀lá, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wọn, gbìyànjú láti béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní òjò ti ń súnmọ́lé, iná sì ti jó gbogbo bẹẹrẹ inú igbó. Ó ní, "Tí a bá tú u tán, koríko tí a ó fi—"

"Ó ti yé mi," ni Àdìgún wí. "Onílé ló ń pèsè koríko, ọ̀wẹ̀ ló ń mú ọwọ́ wá."

Òótọ́ ni, àṣà ìlú náà nìyẹn. Ìṣọ̀lá lọ pe àwọn tó kù. Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ dé àárín fún ogún ọdún, ó máa ń rẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ náà, oòrùn ti ga kí wọ́n tó dé, nítorí ogójì ènìyàn kì í tètè jẹun tán. Àwọn àgbà ìdílé mẹ́fà ti jókòó sínú ilé Bàbá Kújọrẹ, wọ́n ti gbé iyán síwájú. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni láti dá ọjọ́ ìgbéyàwó Àdìgún. Kò sí ẹni tó sọ fún Àdìgún pé wọ́n wà níbẹ̀, àfi Bàbá Kújọrẹ, ilẹ̀ ló sì sọ ọ́ fún.

Àṣà kan tún wà ní Ìdí-Ìṣin. Wọn kì í pe ẹni tó bá wà lórí òrùlé lórúkọ, wọn kì í sì í pariwo mọ́ ọn, kó má baà bojú wo ilẹ̀ kí òòyì kọ́ ọ. A máa ń dúró kó sọ̀ kalẹ̀ ni. Nítorí náà, nígbà tí àwọn àgbà gbọ́ ẹsẹ̀ lókè orí wọn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ń bá iyán lọ. Koríko àkọ́kọ́ já bọ́ sínú ọbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Àwọn ọlọ́wẹ̀ ń kọrin lókè, koríko ń lọ, ìmọ́lẹ̀ ń wọlé. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Kújọrẹ, arúgbó tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, gbé orí sókè.

"Ilé yìí mọ́lẹ̀ lónìí," ó ní. "Kújọrẹ ti tún un ṣe."

Bàbá Kújọrẹ jáde síta, àdó wà ní abíyá rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ, kò gbọdọ̀ pariwo. Ó wo òkè, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Ìwọ ọkùnrin yìí, lọ́dún tí eṣú jẹ oko..."

Àdìgún gbọ́ ọ láti orí òrùlé. Ó rò pé bàbá náà fẹ́ dúpẹ́ ni, ojú sì tì í díẹ̀. "Ó ti yé mi, Bàbá," ó ní. "Ẹ má dúpẹ́. Ojúṣe mi ni."

Nígbà tí Bàbá Kújọrẹ dé orí àwọn tó po amọ̀, apá kan òrùlé ti lọ. Nígbà tó dé orí àwọn tó pọn omi, apá kejì ti lọ. Ó dákẹ́ láti bu aṣáà, kò sì tíì sín tán tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà fi ju ìdì tó kẹ́yìn sílẹ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n nu òógùn, tí wọ́n sì béèrè pé níbo ni koríko tuntun wà.

Ó wà lẹ́yìn ilé. Àdìgún lọ wò ó. Ìdì mẹ́ta ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, mẹ́ta náà ni. Ó yí ilé po, bóyá èyí tó kù wà lápá kejì, ó bá ewúrẹ́ kan níbẹ̀. Ìgbà náà ló wọ inú ilé, tó rí àwọn àgbà mẹ́fà tí ọ̀run ń wò. Ó dọ̀bálẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sí ohun tó yé e.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà kò ṣú lọ títí. Ó kàn dé ni. Ó rọ̀ sórí àwọn àgbà, ó rọ̀ sórí iyán, ó rọ̀ sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn àgbà kò dá ọjọ́ kankan. Wọ́n ní kí orí àwọn gbẹ ná. Àwẹ̀ró ti ìsàlẹ̀ odò sáré dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo Àdìgún nílẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, òjò kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àdìgún nìkan ló mọ̀, ó sì dùn ún wọnú eegun.

Bàbá Kújọrẹ ti ọwọ́ bọ àdó. Aṣáà ti di ẹrẹ̀. Láìsí aṣáà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ gígùn.

"Àdìgún," ó ní, "ilé rẹ dà?"

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Bàbá Kújọrẹ àkọ́kọ́ tí Àdìgún gbọ́ délẹ̀.

Ẹ ti mọ̀ pé bẹẹrẹ kì í gbó àfi tí ọyẹ́ bá dé. Ilé náà yóò wà láìlórí títí òjò ọdún yóò fi parí. Bàbá Kújọrẹ kó lọ sílé Àdìgún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà kó lọ. Ewúrẹ́ méje kó lọ. Wọ́n sùn lórí ẹní tuntun náà. Ṣùgbọ́n àfẹ́sọ́nà kì í sùn nílé ọkọ kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, nítorí náà Àwẹ̀ró lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní òdìkejì ìlú. Gbogbo ìdílé Àwẹ̀ró ló kó wá bá Àdìgún gbé, àfi Àwẹ̀ró.

Nígbà tí aṣáà gbẹ, Bàbá Kújọrẹ sọ ìdájọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́sí kò tíì tán. Òun yóò máa sọ ọ́ láràárọ̀. Ọjọ́ tí Àdìgún bá gbọ́ ọ tán, ọjọ́ náà ni yóò mú ìyàwó rẹ̀. Bó bá sì sọ "ó ti yé mi", òun yóò padà sí ọdún eṣú.

Ẹ ò lè mọ bí ó ti nira tó. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹnu rẹ̀ kàn ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni. Lóṣù kejì, ó rọra há pákò sáàárín eyín kí ẹnu má baà là, ṣùgbọ́n ọkàn ń lọ sí oko, Bàbá sì máa ń bi í pé ta ló pọn omi, kò ní mọ̀. Lóṣù kẹta, ó gbọ́ dé ibi tí ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ òrùlé, ìtìjú mú un, ó ń ro àwáwí tí òun ìbá ṣe, kò gbọ́ èyí tó kù. Nígbà tó yá, ó mọ gbogbo ará ilé tó po amọ̀ ju àwọn ọmọ wọn lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò tán. Bó bá rò pé ó fẹ́ tán, Bàbá a bu aṣáà mìíràn, a sì mú ìtàn mìíràn so mọ́ ọn. Àdó kò gbẹ, ọ̀rọ̀ náà kò gbẹ.

Òjò lọ, ọyẹ́ dé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀. Àdìgún tẹ̀lé e dé ẹ̀yìn ilé.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "kí lo fẹ́ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn nípa àdó aṣáà?"

Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó sọ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ bàbá òun kì í tán títí wọn yóò fi dé àdó wọn. Bí wọ́n bá dé e, ó parí nìyẹn. Bí wọn kò bá dé e, kí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kú síbẹ̀.

Àdìgún dúró. Ó ka oókan, ó ka eéjì. "Ṣé ó ti tán?" ó béèrè.

"Ó ti tán."

Ìgbà náà ló wá rí ohun tí òun ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àdó tí kò ní ìdérí fún ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán àfi pẹ̀lú ìdérí. Ó jókòó sórí àpò erèé, ó fi ọwọ́ bo ojú. Àwẹ̀ró kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lọ sí ìsàlẹ̀ odò, ó fi amọ̀ mọ ìdérí tó bá ẹnu àdó náà mu, ó sá a, ó sun ún. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àdó bàbá rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àdìgún dọ̀bálẹ̀. Bàbá Kújọrẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún eṣú. Ó po amọ̀, ó pọn omi, ó dé ibi òrùlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ní òrùlé yìí ti gbó, kí àna wa kó ọ̀wẹ̀ wá ní ọ̀túnla, kí wọ́n tú u palẹ̀." Ó bu aṣáà. Ó dijú. Ọ̀fun ń yún Àdìgún, ó gé pákò jẹ, ó dákẹ́. Bàbá sín.

"Mo ní rárá," ni Bàbá Kújọrẹ wí. "Koríko ti tán nígbó. Ihò kan ṣoṣo ló wà lókè ẹní mi. Kí àna wa dá wá, kó fi ìdì mẹ́ta dí i, káwọn àgbà tó jókòó. Bó bá dí i tán, kó lọ wẹ̀, kó wọ aṣọ tó dára, kó padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó máa mú Àwẹ̀ró lọ sílé. N kò béèrè ohun mìíràn."

Ó wo ìdérí náà. Ó mú un, ó dé àdó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Àdìgún ń rò ó nílẹ̀ níbẹ̀, kò sì mira. Bàbá Kújọrẹ dìde, ó lọ wo àwọn ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jí, ó jẹun, ó tún sùn. Oòrùn yí sí apá kejì ilé, Àdìgún ṣì dọ̀bálẹ̀. Àwẹ̀ró gbé àpótí aṣọ rẹ̀ wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

"Ẹ dìde," ó ní. "Wọ́n ti sọ ọ́ tán."

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ni Àdìgún béèrè, ẹnu rẹ̀ sì wà nínú erùpẹ̀. "Bóyá aṣáà ni wọ́n lọ bù."

Lọ́jọ́ kejì, òun pẹ̀lú ogójì ọkùnrin bo ilé àna rẹ̀. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó béèrè iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Bàbá Kújọrẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Bàbá sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ọdún tí eṣú jẹ oko. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó so ìdì àkọ́kọ́. Títí dòní, bí ọkọ ìyàwó bá gbé àkàbà ní Ìdí-Ìṣin, wọn a bi í pé kí ni àna rẹ̀ sọ gbẹ̀yìn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọn a gba àkàbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ tó o ti ń gbọn aṣọ nídìí níbẹ̀ yẹn, jókòó. N kò tíì tún òwe náà pa. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kì í gun òrùlé àna.